Bàìnókúlà tàbí kámẹ́rà fún wíwo ẹyẹ ní àbàtà etí òkun?

Bàìnókúlà (awò ojú méjì tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn) 8x42, tí lẹ́ǹsì iwájú rẹ̀ fẹ̀ ní mìlímítà 42, ń fa ẹyẹ mọ́ra ní ìlọ́po 8, owó rẹ̀ kò sì gani lára tó ti lẹ́ǹsì kámẹ́rà mìlímítà 600 tó ń fa ohun tó jìnnà mọ́ra, tó wúwo débi pé apá á ro ni. Afẹ́fẹ́ oníyọ̀ ń ba méjèèjì jẹ́. Kámẹ́rà ló ń tètè kú.

Ohun tó ká mi lára jù ni pé ẹni tó ń wá fọ́tò máa ń fẹ́ sún mọ́ ẹyẹ. Bí ẹyẹ bá ti na ọrùn, tó dáwọ́ oúnjẹ dúró, o ti sún mọ́ ọn jù!

Ẹni tó ṣì ń kọ́ bí a ṣe ń dá ẹyẹ mọ̀, kó mú bàìnókúlà. Ẹni tó lè jókòó sójú kan títí omi òkun yóò fi kún, tí yóò lé ẹyẹ wá bá a, kámẹ́rà ló bá a mu.