Àgbéyẹ̀wò Álíbọ́ọ̀mù Aláfikún fún Àwòrán Ìsinmi Ìdílé: Bí Ó Ti Rí Lọ́wọ́ Wa ní Àkúrẹ́

Àgbéyẹ̀wò yìí wà fún ẹnikẹ́ni tó ń ronú láti ra álíbọ́ọ̀mù ìrántí aláfikún, irú èyí tí wọ́n máa ń kó bébà líle, igun ìlẹ̀mọ́ fọ́tò, ọ̀rá ìbojú-ewé àti bíró ìkọ̀wé rẹ̀ pọ̀ sínú páálí kan ṣoṣo, tí ojú ewé rẹ̀ sì jẹ́ ìǹṣì 12 ní òró, ìǹṣì 12 ní ìbú. Àkúrẹ́ ni èmi àti ìdílé mi ń gbé, a sì ti fi tiwa kó àwòrán ìrìn-àjò ìsinmi àwọn ọmọ jọ: Òkè Ìdànrè, omi gbígbóná Ìkógòsì ní ìpínlẹ̀ Èkìtì, àti omi Olúmirìn tó ń ti orí àpáta já bọ́ ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. Mo gbà pé ó tó owó tí wọ́n ń tà á. Ohun tó mú un níye lórí lójú mi ni àyè ìkọ̀wé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán, nítorí pé fọ́tò tí kò ní ọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kì í pẹ́ di àjèjì nínú ilé tí wọ́n ti yà á.

Bébà ni mo kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bébà olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n fi igi ṣe láìyọ èròjà tí wọ́n ń pè ní lignin kúrò nínú rẹ̀ máa ń pọ́n, ó sì máa ń rún, gẹ́gẹ́ bí a ti ń rí i lára ìwé ìròyìn tó bá pẹ́ nílé, ásíìdì inú rẹ̀ a sì máa ba fọ́tò tó bá fara kàn án jẹ́. Wọ́n kọ ọ́ sára páálí tiwa pé bébà inú rẹ̀ kò ní ásíìdì, kò sì ní lignin, àti pé ó yege nínú ìdánwò ISO 18916. Ìdánwò gidi ni. Wọ́n máa ń to bébà, gọ́ọ̀mù tàbí tádàwà tí wọ́n fẹ́ dán wò mọ́ ohun èlò tó ń hùwà bíi fọ́tò, wọ́n á sì fi wọ́n sínú ooru tó tó ìwọ̀n 70 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì, níbi tí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ ti tó ìdá 86 nínú ọgọ́rùn-ún, fún ọjọ́ 15, kí wọ́n tó wò ó bóyá àwọ̀ ṣá tàbí àbàwọ́n jáde. Ní ìlú bíi Àkúrẹ́, níbi tí òjò ti ń rọ̀ láti nǹkan bí oṣù Kẹta tàbí Kẹrin títí di oṣù Kẹwàá, tí aṣọ inú àpótí pàápàá máa ń hu èéhù, irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ kàn wá ju bó ti kan ará ilẹ̀ gbígbẹ lọ.

Àwọn tó dàgbà láàárín ọdún 1980 sí 1995 yóò rántí álíbọ́ọ̀mù tí ojú ewé rẹ̀ ní ìlà gọ́ọ̀mù, tí èèyàn yóò ṣí ọ̀rá orí rẹ̀ sókè, tí yóò tẹ́ fọ́tò síbẹ̀, tí yóò sì da ọ̀rá bò ó padà. Kò sí pálọ̀ tí kò sí nígbà náà, wọ́n sì máa ń gbé e fún àlejò kí wọ́n tó gbé omi wá. Èyí tó wà nílé àwọn òbí ọkọ mi ti di ohun tó ń bani nínú jẹ́ láti ṣí: ìlà gọ́ọ̀mù ti pọ́n, ó ti là kọjá lójú àwọn tó wà nínú àwòrán, àwọn fọ́tò kan sì ti lẹ̀ pinpin débi pé ẹni tó bá fi agbára yọ wọ́n yóò fà wọ́n ya. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń nu àárín eyín ni a fi gba díẹ̀ nínú wọn là, nípa fífà á lọ fà á bọ̀ lábẹ́ fọ́tò pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹni tó bá ti fojú ara rẹ̀ rí irú ìbàjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò mọ ìdí tí mo fi ń fi àkókò ṣòfò lórí ọ̀rọ̀ bébà àti gọ́ọ̀mù.

Nínú páálí tiwa, igun ìlẹ̀mọ́ ló gba ipò gọ́ọ̀mù. Àpò kékeré onígun mẹ́ta ni, a sì máa ń fi igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fọ́tò bọ inú rẹ̀. Ẹ̀yìn àpò náà nìkan ló ń lẹ̀ mọ́ bébà, nítorí náà gọ́ọ̀mù kì í kan fọ́tò rárá, a sì lè yọ fọ́tò nígbàkigbà láti ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó bá béèrè. Àléébù tí mo rí lára rẹ̀ ni pé kì í tètè mú nígbà ooru. Nígbà tí a kọ́kọ́ lò ó, díẹ̀ nínú wọn ṣí kúrò ní ọjọ́ kejì. A wá rí i pé bí a bá fi èékánná tẹ̀ wọ́n dáadáa, tí a sì fi ìwé wúwo lé ojú ewé náà mọ́jú, wọn kì í ṣí mọ́. Ó yẹ kí ẹni tó ṣe é ti sọ èyí fún oníbàárà nínú ìwé àlàyé rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́.

Ọ̀rá ìbojú-ewé rẹ̀ dára púpọ̀. Irú ọ̀rá tí wọ́n ń pè ní polypropylene ni wọ́n fi ṣe é, kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń pè ní PVC. Ọ̀rá PVC ni ó máa ń rùn bíi rọ́bà tuntun, tó sì máa ń rọ̀ tí yóò lẹ̀ mọ́ ojú fọ́tò bí ọdún ti ń gorí ọdún. Ẹ fi imú yín ṣe àyẹ̀wò kí ẹ tó sanwó ohunkóhun tí ẹ bá rí lórí àtẹ.

Títẹ fọ́tò jáde ni apá tí ó gba sùúrù jù, kò sì sí bí álíbọ́ọ̀mù ti lè dára tó tí yóò tún fọ́tò tí wọn kò tẹ̀ dáadáa ṣe. Orí fóònù ni àwòrán ìsinmi wa wà, bí ó ti rí fún ọ̀pọ̀ ìdílé lónìí. Àwòrán fóònù máa ń jẹ́ mẹ́rin sí mẹ́ta ní òró àti ìbú, ṣùgbọ́n bébà fọ́tò ìǹṣì 6 sí 4 tí àwọn onífọ́tò ń lò jẹ́ mẹ́ta sí méjì. Bí ẹ kò bá sọ nǹkan kan, ẹ̀rọ yóò gé díẹ̀ kúrò lókè àti nísàlẹ̀, orí ẹni tó ga jù láàárín yín ni yóò sì kọ́kọ́ lọ sí i. Ẹ sọ fún onífọ́tò pé kí ó fi etí funfun sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí àwòrán lè wọlé pátápátá. Bí ẹ bá sì fẹ́ fi WhatsApp fi àwòrán ránṣẹ́ sí i, ẹ fi ránṣẹ́ bí fáìlì, torí pé bí ẹ bá fi ránṣẹ́ bí fọ́tò lásán, WhatsApp yóò fún un pọ̀, kò sì ní mọ́lẹ̀ dáadáa mọ́ bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ tóbi. Fọ́tò ìǹṣì 6 sí 4 mẹ́rin máa ń gba ojú ewé kan láìfún ara wọn, àyè ìkọ̀wé yóò sì ṣẹ́ kù láàárín.

Ojú ewé Ìdànrè ló jẹ́ kí n mọ ohun tí álíbọ́ọ̀mù yìí wúlò fún. Ọmọ Ìdànrè ni ìyá ọkọ mi, orí òkè ni wọ́n sì ti bí àwọn òbí rẹ̀, kí ìlú tó sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀. Eékún rẹ̀ kò gba àtẹ̀gùn 660 tó lọ sókè mọ́, nítorí náà ìsàlẹ̀ ni wọ́n dúró sí nígbà tí àwa gun òkè lọ. Nígbà tí a tẹ fọ́tò jáde tán, a tẹ́ gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì níwájú wọn. Lójú àwọn ọmọ, àwòrán àgbàlá ààfin Ọwá àtijọ́ jẹ́ àwòrán ara wọn níbi tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín. Ìyá mú un, wọ́n wò ó pẹ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí sọ bí bàbá wọn ṣe máa ń ru iṣu tẹ̀ lé bàbá tirẹ̀ lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ ọdún, ibi tí wọ́n máa ń dá ọmọdé dúró sí, àti apá ibi tí ilé ìdílé wọn wà bí èèyàn bá kọjú sí ààfin. Ọkọ mi, tí ó jẹ́ ọmọ bíbí inú wọn, kò gbọ́ apá kan nínú ìtàn náà rí. Fóònù ni mo fi gba ohùn wọn sílẹ̀, ẹ̀yìn ìyẹn ni mo wá kọ ọ́ sí ojú ewé náà bí wọ́n ti sọ ọ́ gan-an, pẹ̀lú ẹnu Ìdànrè tí wọ́n fi sọ ọ́, láìtún un ṣe sí Yorùbá ilé ẹ̀kọ́.

Láti ìgbà náà ni a ti fi í ṣe òfin pé a kò ní lẹ fọ́tò kankan láìkọ ọjọ́, ibi tí a wà, orúkọ gbogbo ẹni tó wà nínú rẹ̀, àti bí wọ́n ṣe bá ara wọn tan. Bí ọmọ bá wà nínú rẹ̀, a máa ń kọ oríkì rẹ̀ sí abẹ́ orúkọ rẹ̀. Ọmọ mi àgbà kọ ọ́ sí abẹ́ àwòrán kan pé láti ọdún 2007 ni Òkè Ìdànrè ti wà nínú àkọsílẹ̀ àwọn ibi tí Nàìjíríà ń fẹ́ kí UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé. Ìyá ní ohun tó kọ dára, wọ́n sì ní kí ó kọ orúkọ bàbá àwọn sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bíró inú páálí náà tó fún irú iṣẹ́ yìí: tádàwà rẹ̀ kì í ràn bí omi bá tọ́ sí i, kì í sì í yọ sí ẹ̀yìn bébà. Ẹ̀yìn fọ́tò fúnra rẹ̀ ni kí ẹ má ṣe fi bíró kọ nǹkan sí, torí pé ó máa ń tẹ̀ jáde lójú àwòrán. Pẹ́ńsùlù tó rọ̀ ló dára níbẹ̀.

Àwọn ohun ọ̀ṣọ́ tó wà nínú páálí kò bá wa lára mu. Yìnyín, igi ilẹ̀ òtútù, ọkọ̀ òfurufú àti àpótí ìrìn-àjò ni wọ́n yà sí ara wọn, wọn kò sì jọ ohunkóhun tí a rí ní Olúmirìn. Mo kó gbogbo rẹ̀ fún àwọn ọmọ láti fi ṣeré. Ajẹkù àdìrẹ tí ó kù lọ́wọ́ aránṣọ ni mo gé, ṣùgbọ́n mo fi í sínú àpò ọ̀rá kékeré kí aró rẹ̀ má bàa ràn mọ́ fọ́tò. Àbíkẹ́yìn mi fẹ́ kí a lẹ ewé kòkó tó já lójú ọ̀nà Ìdànrè mọ́ ọn. Mo rọ̀ ọ́ pé kí a ya ewé náà ní fọ́tò, torí pé ewé gbígbẹ ń pe kòkòrò, ásíìdì rẹ̀ kò sì dára fún ohun tó bá wà nítòsí rẹ̀. Ó gbà, inú rẹ̀ sì dùn sí fọ́tò ewé náà.

Ojú ewé Ìkógòsì kò gba àkókò rárá. Fọ́tò ibi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé ló gba àárín, ìwé ẹ̀rí owó tí a san sì wà nínú àpò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé ìwé ẹ̀rí tí ẹ̀rọ kékeré ń fi ooru tẹ̀ jáde máa ń ṣá títí tí kò fi ní sí ohun tí èèyàn lè kà lára rẹ̀ mọ́. Ẹ ṣe fótókópì rẹ̀, fótókópì náà ni kí ẹ sì fi pa mọ́.

Ohun tí mo rò pé ó yẹ kí wọ́n tún ṣe ni ìdè rẹ̀. Irin tí a ń yí wọlé, tí a sì lè yí jáde, ló di ojú ewé mọ́ ẹ̀yìn, èyí tó dára nítorí pé a lè tú u láti fi ewé kún un, ṣùgbọ́n irin tó wà nínú páálí kúrú. Bí ewé bá ti pọ̀ díẹ̀, álíbọ́ọ̀mù kì í dé mọ́, ẹ óò sì ní láti ra irin àfikún lọ́tọ̀. Mo rí i pé kò tọ́ kí wọ́n pe ohun kan ní aláfikún, kí wọ́n sì tún máa ta ohun tí a fi ń ṣe àfikún náà lọ́tọ̀. Ó wúwo pẹ̀lú. Ìyá kò lè gbé e lé ẹsẹ̀, orí tábìlì ni wọ́n ti máa ń ṣí i, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rá rẹ̀ máa ń tan iná gílóòbù padà sí wọn lójú lálẹ́. Ọ̀sán ló dára jù fún wíwò.

Ní ti ìpamọ́, inú kọ́bọ́ọ̀dù tó wà lára ògiri àárín ilé ni tiwa wà, nítorí pé ògiri tó kọjú sí òjò máa ń tutù, ilẹ̀ sì ni ikán máa ń gbà wọlé. Mo fi àwọn àpò kékeré tó ń fa ọ̀rinrin, irú èyí tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun, sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nígbà ọyẹ́ ni mo máa ń gbé e jáde, tí mo ń ṣí ojú ewé kọ̀ọ̀kan kí afẹ́fẹ́ gbígbẹ fẹ́ sí i, láìjẹ́ kí oòrùn pa á.

Owó rẹ̀ ju ti álíbọ́ọ̀mù lásán tí wọ́n ń tà ní àgbègbè Ọjà Ọba lọ dáadáa. Àwọn onífọ́tò tún lè tẹ gbogbo àwòrán yín sínú ìwé dídán kan, bí wọ́n ti ń ṣe fún ìgbéyàwó, iṣẹ́ ọjọ́ díẹ̀ sì ni. Bí ẹ kò bá ní àkókò, tí kò sì sí àgbàlagbà tí ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀ nílé yín, ìwé dídán yẹn yóò tẹ́ yín lọ́rùn. Ṣùgbọ́n bí ìyá tàbí bàbá àgbà bá ṣì ń bẹ lọ́dọ̀ yín, ẹ ra aláfikún yìí, ẹ ra irin gígùn mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n jókòó tì yín kí ẹ tó lẹ fọ́tò kankan. Ọ̀wọ̀ ni a fẹ́ lọ nígbà ìsinmi tó ń bọ̀, láti wo ààfin Ọlọ́wọ̀ àti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ibẹ̀, mo sì ti fi ewé òfìfo kún un sílẹ̀.