Checking àti savings: ohun tí ojú mi rí lọ́wọ́ àkáǹtì méjèèjì

Lọ́dún 2018 tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Amẹ́ríkà, òṣìṣẹ́ báńkì bi mí bóyá checking (àkáǹtì ìnáwó ojoojúmọ́) ni mo fẹ́ ṣí àbí savings (àkáǹtì ìfowópamọ́). Mo ní savings. Ṣebí owó ni mo fẹ́ tọ́jú! Ó ní kí n kúkú ṣí méjèèjì. Mo gbà, àmọ́ savings nìkan ni mo ń lò. Ibẹ̀ ni owó oṣù ń wọ̀, ibẹ̀ náà ni owó ilé, owó iná àti owó fóònù ń gbà jáde.

Kò tó oṣù mẹ́ta tí mo rí i pé wọ́n ti yọ dọ́là 10 mi. Mo fi ìbínú pè wọ́n. Àṣé òfin Federal Reserve, báńkì àpapọ̀ Amẹ́ríkà, wà nígbà náà pé owó tí èèyàn ń fi íntánẹ́ẹ̀tì tàbí fóònù san láti inú savings, àtèyí tó ń yọ ara rẹ̀ lóṣooṣù, kò gbọdọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹfà lọ lóṣù kan. Èyí tí èèyàn bá gbà lẹ́nu ẹ̀rọ ATM kò sí nínú òǹkà yẹn. Wọ́n ti yọ òfin náà ní oṣù kẹrin ọdún 2020, ṣùgbọ́n àwọn báńkì kan ṣì di tiwọn mú, ẹ yáa ka ìwé tí wọ́n fún yín.

Bí mo ṣe kó ìnáwó lọ sí checking nìyẹn. Ó rọ̀ mí lọ́rùn: kò sẹ́ni tó ń ka iye ìgbà tí mo náwó, sọ̀wédowó sì wà fún onílé mi tí kò fẹ́ gbọ́ ti íntánẹ́ẹ̀tì sétí. Overdraft, ìyẹn kí èèyàn ná ju owó tó wà nínú àkáǹtì lọ, ni wàhálà rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, mo ra kọfí dọ́là 4 nígbà tó ku dọ́là 2 níbẹ̀. Báńkì bá mi san án, ó sì bu dọ́là 35 lé mi lórí. Kọfí dọ́là 39! Ọwọ́ mi náà kò mọ́: láti 2010, wọn kò lè gba irú owó yẹn lórí káàdì àfi tí oníbàárà bá fọwọ́ sí i. Èmi ti fọwọ́ sí i láì kà á. Mo ní kí wọ́n yọ mí kúrò. Ní báyìí, bí owó bá tán, káàdì á kọ̀, ojú á tì mí díẹ̀, ó parí. (Sọ̀wédowó kò sí lábẹ́ ààbò yẹn o.)

Savings wá ńkọ́? Èlé 0.01% ni ti báńkì yẹn. Dọ́là 3,000 sùn síbẹ̀ fún ọdún kan gbáko, sẹ́ńtì 30 ló bí! Ní 2023, mo kó o lọ sí báńkì orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń san ju 4% lọ, èlé ọdún kan sì lé ní dọ́là 120. FDIC, àjọ ìjọba tó ń dá owó oníbàárà padà bí báńkì bá kógbá wọlé, dúró fún báńkì méjèèjì títí dé dọ́là 250,000. Ìwé owó orí 1099-INT náà dé, torí èlé tó bá ti pé dọ́là 10, ìjọba á gbọ́.

Ohun kan tó kù díẹ̀ káàtó ni pé owó máa ń lo ọjọ́ méjì, mẹ́ta kó tó ti báńkì orí íntánẹ́ẹ̀tì yẹn dé checking. Nígbà mìíràn, ìyẹn gan-an ni kì í jẹ́ kí n ná an nínàákúnàá. Ṣùgbọ́n táyà ọkọ̀ mi bẹ́ lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, owó dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, bọ́ọ̀sì ni mo wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ní Ajé. Látìgbà náà, dọ́là 500 kì í kúrò nínú savings àtijọ́ yẹn, tó wà ní báńkì kan náà pẹ̀lú checking, ìbáà máa bí sẹ́ńtì márùn-ún lọ́dún.