Iléeṣẹ́ agbaninímọ̀ràn ìwé ìgbélùú kan ní Peckham, ní ìlú London

Owó wọn wọ́n díẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í tan oníbàárà jẹ. Agbẹjọ́rò tó dá mi lóhùn ṣí òfin ìgbélùú síwájú mi, ó sì fàlà sábẹ́ ibi tó sọ pé láti oṣù Kẹta ọdún 2024 ni olùtọ́jú arúgbó tuntun kò ti lè kó ìdílé rẹ̀ wá sí Ìlú Ọba mọ́. Ó ṣàlàyé pé àwọn tó wọlé fi ohun tó lé ní 800,000 ju àwọn tó jáde lọ láàárín ọdún kan tó parí ní oṣù Kẹfà 2023, tí ariwo ilé gbígbé àti ilẹ̀ oko tí wọn yóò fi kọ́lé sì gba ìlú kan, síbẹ̀ àwọn ilé ìtọ́jú arúgbó ṣì ń wá òṣìṣẹ́. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni yàrá ìdúró wọn tó há.