Oṣù mẹ́jọ tí fáànù oníná LED ti ń polówó aṣọ òkè fún mi

Bí ẹ bá gba iwájú ìsọ̀ mi kọjá lálẹ́, ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ rí ni gèlè àlàárì kan tó dá dúró nínú afẹ́fẹ́, tó ń yí díẹ̀díẹ̀, tí kò so mọ́ ibì kankan. Ó ti pé oṣù mẹ́jọ tí mo ra ẹ̀rọ tó ń ṣe é. Àwọn oníbàárà kì í yé béèrè rẹ̀, àwọn ọlọ́jà ẹgbẹ́ mi náà fẹ́ mọ̀ bóyá kí àwọn ra tiwọn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí.

Ìbàdàn ni ìsọ̀ mi wà, aṣọ òkè ni mo ń tà, Ìṣẹ́yìn sì ni wọ́n ti ń hun èyí tó pọ̀ jù fún mi. Ẹ̀rọ náà fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 42. Tí ẹ bá pa á, kò sí ohun tó ń wuni lára rẹ̀: apá tẹ́ẹ́rẹ́ méjì bíi ti fáànù, iná LED wẹ́wẹ́ 224 tí wọ́n tò sí i lójú, ínjìnnì kékeré láàárín. Àfi ìgbà tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Apá á pòórá, àwòrán á yọ.

Ọgbọ́n rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹni tó dàgbà nílé tí wọ́n ti ń fi igi dáná. Nígbà tí a wà ní kékeré, a máa ń fa igi kan yọ lábẹ́ ìkòkò, tí ẹnu rẹ̀ ṣì ń pọ́n, a ó máa fì í nínú òkùnkùn. Ẹnu igi kan ṣoṣo ni, òrùka iná ni ojú ń rí, torí pé ohun tí ojú bá rí kì í kúrò nínú rẹ̀ lẹ́sẹ̀kan náà. Ìwé tó bá tèmi wá sọ pé ó ń yí nígbà 700 ní ìṣẹ́jú kan. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìgbà 12 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, apá rẹ̀ sì jẹ́ méjì, nítorí náà bíi ìgbà 23 ló ń tún àwòrán yẹn yà ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Òòfà kékeré kan wà níbi tí apá ń gbà kọjá. Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ fi ń mọ ibi tó yípo dé, kó tó mọ iná tó yẹ kó tàn.

Àwọn tó ń tà á ń pè é ní hologram. Kì í ṣe òun. Hologram tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Dennis Gabor, ṣàwárí ní 1947, tí wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel lé lórí ní 1971, ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ̀ lára nǹkan gan-an ni wọ́n ń gbà sílẹ̀ níbẹ̀, débi pé tí o bá rìn sẹ́gbẹ̀ẹ́, wàá rí ẹ̀gbẹ́ nǹkan náà. Tèmi yìí tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo. Ẹ dúró níwájú rẹ̀, ẹ ó fẹ́ na ọwọ́ mú gèlè yẹn. Ẹ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́, ó di ìlà. Nítorí náà, ibi tí èèyàn ti ń bọ̀ ni kí ẹ kọ ojú rẹ̀ sí.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ni ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi kí n tó sanwó. Iná ni ẹ̀rọ yìí fi ń yàwòrán, ibi tó bá sì dúdú, ńṣe ni iná ibẹ̀ ò tàn rárá. Ìdí nìyẹn tí àwòrán fi dà bí ohun tó léfòó. Mo gbé àwòrán aṣọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí gbogbo wa mọ̀ sí i. Àlàárì yọ, ó pupa fòò, ó dára ju bó ṣe rí lábẹ́ gílóòbù lọ. Sányán di yẹ́lò bí ọsàn tó pọ́n, torí iná ò lè tàn ní àwọ̀ ilẹ̀. Ẹtù ńkọ́? Àwọ̀ aró tó dúdú ni tirẹ̀, nítorí náà ẹtù ò sí níbẹ̀. Àwọn ìlà funfun tín-ín-rín ara rẹ̀ nìkan ló kù, tí wọ́n so rọ̀ nínú afẹ́fẹ́ bí òwú orí òfì tí ẹnikẹ́ni ò tíì hun. Mo dúró, mo ń wò ó. Ó lẹ́wà, àmọ́ kì í ṣe ẹtù.

Lẹ́tà náà fún mi níṣòro. Mo kọ “aṣọ ọ̀wọ̀” sí i. Àmì abẹ́ lẹ́tà parẹ́, àmì ohùn wọnú ara wọn, àwọn tó ń kọjá sì kà á sí “owó”. Ó burú jù létí àwòrán, torí iná tó wà ní ṣóńṣó apá ń rin ọ̀nà jíjìn ju ti àárín lọ láàárín àkókò kan náà, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á wá fẹ́lẹ́. Ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀kan, kó tóbi, kó wà láàárín, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ṣeé kà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lò ó láìní ìbòrí. Wọn ò fi ìbòrí kún tèmi, ẹni tó tà á fún mi sì ní kò pọn dandan. Ní oṣù kejì, oníbàárà kan ju ìpèlé séjìká láti wo bó ṣe yẹ òun, àwọn òwú tó rọ̀ jọwọlọ létí rẹ̀ sì bọ́ sẹ́nu ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ já ìpèlé gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ṣírò rẹ̀ lẹ́yìn náà: ṣóńṣó apá yẹn ń sáré tó kìlómítà 55 ní wákàtí kan. Ìka ọmọdé ni mo ń rò, ara mi sì ń gbọ̀n. Iná LED méjì kú lọ́jọ́ náà, títí dòní ni òrùka kan tó ṣókùnkùn díẹ̀ yí àwòrán ká. Kò dúdú tán, torí apá kejì ṣì ń kun ibẹ̀. Ọjọ́ kejì ni mo ra ìbòrí ike tó mọ́ gaara. Ó tún dín ariwo rẹ̀ kù.

Iná ìjọba ò bá a jà, vólítì 12 ló ń lò, ínfátà ìsọ̀ mi sì ń gbé e. Lọ́sàn-án, oòrùn á borí rẹ̀ pátápátá. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni mo ń tàn án. Bí àwọn èèyàn bá fi fóònù yà á, ó lè gé kélekèle bí ìgbà tí a pín àkàrà òyìnbó, torí fóònù yára ju ìyípo rẹ̀ lọ. Èmi ń ṣètò kámẹ́rà fóònù tèmi kí ojú rẹ̀ ṣí fún ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá kí n tó yà á. Ẹni tó ń ta ohun tó ń dán, tó sì ń pẹ́ lọ́jà lálẹ́, kó rà á. Ẹni tó ń ṣíwọ́ ní aago márùn-ún, kó fi owó rẹ̀ ra ọjà sí i.

Mo gbìyànjú láti gba ẹtù là. Ọmọ iṣẹ́ mi tan àwọ̀ rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà títí ó fi di búlúù tó ń dán, ó sì yọ lóòótọ́. Mo fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ sí bàbá tó ń hun ún fún mi ní Ìṣẹ́yìn. Wọ́n pè mí padà: “Ìyá, aṣọ wo lẹ fi ránṣẹ́ yìí?” Mo yọ ọ́ kúrò. Ẹtù gan-an ni mo wá fi kọ́ sí ara ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáànù náà, pẹ̀lú gílóòbù kan lókè rẹ̀.