Mítà gáàsì oníkáàdì ní Lọ́ńdọ̀nù: £20 wọlé, £4.37 ló kù

Ogún pọ́n-ùn ni mo tì bọ inú mítà, £4.37 ló hàn lójú rẹ̀. A ò tíì tan sítóòfù, bọ́ílà ò tíì dún. Ìbínú ọjọ́ yẹn ló jẹ́ kí n jókòó kọ àgbéyẹ̀wò yìí. Àwọn èèyàn wa tó ń dé sí Peckham, Woolwich àti Dagenham ń bá irú mítà yìí, tí èèyàn ń fi káàdì ra gáàsì sí kó tó dáná, nínú ilé tí wọ́n gbà, wọn kì í sì í rẹ́ni là á yé wọn kí owó wọn tó wọlé.

Bí owó náà ṣe lọ rèé. Ẹjẹ́ńtì tó gba ilé fún wa fi káàdì gáàsì sínú dúrọ́ọ̀ ilé ìdáná, ó ní ká máa fi í ra gáàsì nìṣó. Orúkọ ayálégbé tó kó jáde ló wà lórí káàdì yẹn. Onítọ̀hún ti lo emergency £10 tán, ìyẹn gáàsì tí mítà ń yáni nígbà tí owó bá tán, kó tó lọ. Ó tún jẹ gbèsè àtijọ́ tí iléeṣẹ́ gáàsì ní kí mítà máa yọ £5 lórí rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọjọ́ méjì tílé fi ṣófo, standing charge ń kà, ìyẹn owó ojoojúmọ́ tí wọ́n ń gbà yálà èèyàn dáná tàbí kò dáná: 63 pẹ́ǹsì. Gbogbo rẹ̀ wá di £15.63. Bí èèyàn bá ti fi owó tuntun wọlé, gbèsè ni mítà máa kọ́kọ́ gbé, ohun tó bá ṣẹ́ kù ló máa fi dáná fún un.

Mo pe iléeṣẹ́ tó ń ta gáàsì náà. Orin ni wọ́n fi sí mi létí títí etí fi ń ta mí. Obìnrin tó wá gbé fóònù béèrè nọ́ńbà káàdì, mo kà á fún un. Ó béèrè orúkọ tó wà lórí àkáǹtì. Mo ní ayálégbé tuntun ni mí, mi ò mọ ẹni tó ń gbé ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ní òfin ò gba òun láyè láti bá mi sọ̀rọ̀ lórí àkáǹtì tí kì í ṣe tèmi. Mo ní ṣé gbèsè orí àkáǹtì yẹn kọ́ lẹ ń fi owó mi san yìí? Ó ní kí n sọ fún ẹni tó ni àkáǹtì kó pe àwọn. Ẹni tó ti kó lọ, tí ẹjẹ́ńtì pàápàá ò mọ ibi tó wà! Mo ní kó fún mi ní ọ̀gá rẹ̀. Ó ní ọ̀gá á pè mí padà láàárín ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún. Ọ̀gá ò pè.

Ohun tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé ìbéèrè méjì péré ló yẹ kó bi mí: ọjọ́ wo lẹ kó wọlé, kí sì ni nọ́ńbà tó wà lójú mítà lọ́jọ́ náà? Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ gáàsì tẹni àtijọ́ yàtọ̀ sí tẹni tuntun. Kò bi mí ní ìkankan. Gbogbo àkókò tó fi ń ka òfin yẹn, £4.37 ń jó lọ.

Ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ra gáàsì ni ìrànlọ́wọ́ ti wá. Àwọn ará ilé ló ni ín: iṣu àti gàrí nílẹ̀, ẹ̀fọ́ ṣọkọ nínú páálí, ẹ̀rọ PayPoint tí wọ́n fi ń ra gáàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ káńtà. Àǹtí tó ń tajà níbẹ̀ wo rìsíìtì mi, ó wo káàdì, ó tì í padà sí mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fowó sí káàdì yìí mọ́ o. Káàdì onígbèsè ni. Ẹ pè wọ́n padà, ẹ ní change of tenancy lẹ fẹ́ ṣe, pé ayálégbé tuntun ló ti gba ilé. Ẹ má dárúkọ gbèsè rárá títí wọ́n á fi ṣí àkáǹtì tiyín."

Ó ní kí n ya fọ́tò ojú mítà kí nọ́ńbà rẹ̀ hàn ketekete, kí n ya nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára mítà náà, kí n sì ya ojú-ìwé àdéhùn ilé tí ọjọ́ tí a wọlé wà. Àwọn oníbàárà ti tò sẹ́yìn mi, síbẹ̀ ó là á yé mi dé ìparí. Mo ní "Ẹ ṣé gan-an ni, àǹtí," ó ní "Kò tọ́pẹ́ o, ẹ tètè lọ pè wọ́n."

Ọkùnrin ló gbé fóònù lẹ́ẹ̀kejì. Mo ní "change of tenancy", ohùn rẹ̀ yàtọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó béèrè ọjọ́ tí a wọlé, nọ́ńbà ojú mítà àti MPRN, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń mọ ojú gáàsì ilé kọ̀ọ̀kan. Ó gba fọ́tò mi lórí ímeèlì, ó dúró kó wọlé kó tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Ó ṣí àkáǹtì, ó fún mi ní kóòdù tí màá mú lọ sí ṣọ́ọ̀bù láti fi gba káàdì tuntun lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ní mi ò gbọ́dọ̀ ki káàdì àtijọ́ bọ mítà mọ́ láé. Mo ki tuntun bọ̀ ọ́, mo fi í sílẹ̀ títí ojú mítà fi dákẹ́, mo wá ń tẹ bọ́tìnnì pupa A lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Níbi tí gbèsè máa ń wà, òdo ni mo rí. £15.63 mi padà wọlé nígbà tí mo tún ra gáàsì. Kò jẹ́ kí n bẹ̀bẹ̀, kò sì fi mí ṣe òpùrọ́. Bó bá ṣe pé òun ló gbé fóònù lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ ì bá ti parí lọ́jọ́ náà.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti fẹ́ràn mítà yìí. Ẹni tó bá ti san bílì àfojúdá fún NEPA rí, tí wọ́n mú ìwé ẹgbẹẹgbẹ̀rún náírà wá fún iná tí kò rí, á mọ ohun tí mò ń sọ. Ohun tí o bá rà lo máa jó, o sì ń rí i bó ṣe ń lọ sílẹ̀. Bí owó bá tán lálẹ́, lópin ọ̀sẹ̀ tàbí lọ́jọ́ ìsinmi ìjọba, kì í já gáàsì títí ṣọ́ọ̀bù á fi ṣí. Wákàtí rẹ̀ yàtọ̀ láti iléeṣẹ́ sí iléeṣẹ́, ẹ bi tiyín. Àmọ́ ẹ rántí pé ẹ̀yáwó ni gbogbo ìyẹn, òun náà ni mítà máa kọ́kọ́ gbà nígbà tẹ́ ẹ bá ra òmíràn.

Ìgbà ooru ló ń mú ọ̀pọ̀ èèyàn. Wọ́n pa bọ́ílà láti oṣù kẹfà, wọn ò fowó sí i mọ́. Bí standing charge bá jẹ́ 30 pẹ́ǹsì lóòjọ́, oṣù mẹ́ta á lé ní £27. Òtútù oṣù kẹwàá dé, wọ́n ra £20, mítà gbé e mì, ilé ò sì móoru. £10 lóṣooṣù nígbà ooru ló ń dènà ẹ̀.

Bí gáàsì bá sì ti já pátápátá, ẹ má sáré tẹ bọ́tìnnì lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti fowó sí i. Ẹ kọ́kọ́ yí gbogbo ojú sítóòfù pa, ẹ pa bọ́ílà, kí ẹ tó di A mú títí gáàsì á fi ṣí. Ojú sítóòfù kan tó ṣí sílẹ̀ ni gáàsì máa gbà tú sínú ilé. Bí òórùn gáàsì bá ń ta yín nímú, 0800 111 999 ni kí ẹ pè, tọ̀sán-tòru ni wọ́n ń gbé e.

Smart meter, ìyẹn mítà tó ń fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ fúnra rẹ̀, ti ń gba ipò oníkáàdì. Èèyàn lè ra tìyẹn lórí fóònù. Bí owó náà ò bá wọlé fúnra rẹ̀, ẹ máa fọwọ́ tẹ kóòdù oní-nọ́ńbà 20 sínú mítà, bíi tókìnnì tí a mọ̀ nílé. Oníkáàdì ṣì rọrùn fún àgbàlagbà tí kò fẹ́ràn fóònù.

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, tí kò mọ iléeṣẹ́ tó ń ta gáàsì fún ilé náà, kó lọ sórí ìkànnì Find My Supplier, kó fi postcode rẹ̀ wá a, kó pè wọ́n kó tó ra gáàsì pọ́n-ùn kan péré. Bí wọ́n bá kọ̀ láti dá owó padà, ẹ fi ẹ̀sùn ránṣẹ́ ní kíkọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni wọ́n ní. Bí ọ̀rọ̀ ò bá tíì yanjú nígbà yẹn, ẹ gbé e lọ bá Energy Ombudsman, ìyẹn àwọn onílàjà láàárín oníbàárà àti iléeṣẹ́ iná àti gáàsì, wọn kì í gba owó lọ́wọ́ yín.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Ọkùnrin tó gbé fóònù lẹ́ẹ̀kejì ló ni méjì, mítà ló ni méjì. Iléeṣẹ́ náà ò tíì bẹ̀ mí lórí obìnrin àkọ́kọ́.