Ògún Tí Mo Mọ̀ àti Ògún Tí Mo Bá Nínú Ìwé Ewì «Idanre»

Àlòkù ni mo ra ẹ̀dà tèmi nínú ìwé ewì «Idanre and Other Poems», èyí tí ilé-iṣẹ́ Methuen tẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1967. Ẹni tó ni ín ṣáájú mi ti fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ gbogbo ibi tí kò yé e, ó sì kù díẹ̀ kí ó fa ìlà sábẹ́ odindi ìwé náà. Ewì gígùn tí ìwé náà ti gba orúkọ, èyí tí Wọlé Ṣóyínká kọ fún àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àwọn orílẹ̀-èdè Kọmọnwẹ́ẹ̀tì ní 1965, tó sì pín sí ọ̀nà méje, nìkan ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, n kò rí ìdí rẹ̀. Àfìgbà tí mo ṣí àlàyé tí akéwì fúnra rẹ̀ kọ sí ẹ̀yìn ìwé ni mo tó mọ̀ pé àwọn ará ilé mi ni mo ti ń bá pàdé láti ìbẹ̀rẹ̀: Ògún tó la ọ̀nà fún àwọn òrìṣà nígbà tí wọ́n ń bọ̀ wá sáyé, Ṣàngó tó ni mànàmáná, àti Àtúndá, ẹrú tó yí òkúta lu Òrìṣà-ńlá mọ́lẹ̀ tí ó fi fọ́ sí wẹ́wẹ́. Bí a ti gbọ́ ọ nílé, ọ̀dàlẹ̀ ni ẹrú yìí. Ṣóyínká ní tirẹ̀ kí i bí ẹni mímọ́, ó pè é ní ọlọ̀tẹ̀ àkọ́kọ́, nítorí pé bí òrìṣà kan kò bá fọ́, púpọ̀ kì bá tí sí. Mo bá a jà lórí ọ̀rọ̀ yìí fún ọjọ́ mélòó kan kí n tó gbà fún un.

Ti Ìrè ni ó dùn mọ́ mi jù. «Ìrè kì í ṣe ilé Ògún, ẹmu ni ó yà mu níbẹ̀» ni a ń kì í, ìtàn tí a sì ń sọ ni pé ó bá àwọn ènìyàn níbi àpèjọ tí a kì í ti í fọhùn, agbè ẹmu ti gbẹ, ó ka ìdákẹ́jẹ́ wọn sí àfojúdi, ó sì yọ idà. Nínú ewì, àwọn àgbà Ìrè ni wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí tí ó fi wá jọba lé wọn lórí. Ojú ogun ni ẹmu ti pa á, tí ó sì gé àwọn ọmọ ogun tirẹ̀ lulẹ̀ láìdá wọn mọ̀. Àyípadà yìí dára lójú mi, nítorí ó sọ ìbínú ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ di ẹ̀bi aṣáájú.

Mo ní ẹ̀sùn kan. Ìwé náà kò fi àmì ohùn kankan sí orúkọ, bẹ́ẹ̀ sì ni ewì tó kún fún ogun ni «Ogun» ti ń jáde lójú ewé lẹ́yìn ojú ewé.

Akéwì rin ìrìn-àjò lọ sórí òkè Ìdànrè gan-an, ní Ìpínlẹ̀ Òndó, nítorí náà èmi náà lọ síbẹ̀. Afinimọ̀nà tí mo sanwó fún kò gbọ́ nípa ewì náà rí. Àtẹ̀gùn tó lé ní 600 àti ààfin àtijọ́ Ọwá ni ó mọ̀, ó sì mọ̀ wọ́n dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé òkè, tí mo rí àpáta ràgàjì tó jókòó sórí àpáta bí ẹni pé èjìká kan péré ni yóò tì í ṣubú, Àtúndá yé mi ju bí àlàyé ẹ̀yìn ìwé ti lè ṣe lọ.

Ẹni tó bá fẹ́ rà á, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn ìwé. Ní tèmi, mo ti ń ka ìpín keje, èyí tó dá lórí ìkórè, nígbà kẹrin báyìí, mo sì ti wá bírò tèmi.