Pátákó Ìpàdé Àárọ̀ ní Kúárì: Èyí Tó Yẹ Kí Ẹ Rà, Àti Ohun Tó Máa Ń Bà Á Jẹ́

Pátákó tí àwọn òṣìṣẹ́ kúárì àti ibi ìwakùsà ń dúró yí ká kí ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀ ti wà lọ́jà ní oríṣi mẹ́ta báyìí: èyí tí wọ́n fi páálí ṣe, onírin, àti èyí tó wà lórí tábúlẹ́ẹ̀tì. Gbogbo wọn ló ní àyè fún ààbò, ìdára òkúta, iye tọ́ọ̀nù, ìnáwó àti ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Inú ìlànà kaizen tí Toyota sọ di mímọ̀ láti Japan ni wọ́n ti fà á yọ: ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ ló mọ ibi tó ti ń ta kókó, òun náà ló sì yẹ kó máa tún un ṣe díẹ̀díẹ̀. Onírin ni kí ẹ rà. Àmọ́ nínú gbogbo àyè tó wà lórí rẹ̀, ẹyọ kan péré ló ń mú kí iṣẹ́ ṣì máa dára sí i nígbà tí ojú bá ti mọ́ ọn: àyè tí wọ́n ń kọ ìṣòro sí, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó gbà láti yanjú rẹ̀ àti ọjọ́ tí yóò parí.

Ẹ mú èyí tí gígùn rẹ̀ tó mítà 2.4, tí fífẹ̀ rẹ̀ sì tó 1.2, kí ẹni tó wà lẹ́yìn lè rí nọ́ńbà kà. Páálí máa ń wú tí òjò bá fẹ́ sí i, ó sì máa ń fa ìnkì mu débi pé nọ́ńbà ọ̀sẹ̀ tó kọjá á ṣì máa hàn lábẹ́ ti òní. Eruku gíránáìtì ni ọ̀tá onírin. Bí ẹ bá fi aṣọ gbígbẹ nù ún, eruku yẹn lẹ fi ń ha á. Aṣọ tí ẹ rẹ sómi ni kí ẹ lò. Ẹ gbé e sábẹ́ òrùlé, kó jìnnà sí crusher, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fọ́ òkúta, àti jẹnẹrétọ̀. Níbi tí èèyàn ti gbọ́dọ̀ pariwo kí wọ́n tó gbọ́ ọ, àwọn tí ohùn wọn kò ròkè ò ní dá sí ọ̀rọ̀.

Ìpàdé náà kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú 15 lọ, ìdúró ni wọ́n sì ń ṣe é. Ọ̀rọ̀ ààbò ló ń ṣíwájú. Lẹ́yìn náà, ẹni tó wà nídìí crusher lánàá ni kó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ wákàtí tí ẹ̀rọ fi ṣiṣẹ́, wákàtí tó fi dúró, àti ohun tó dá a dúró. Kì í ṣe akọ̀wé, kì í ṣe súpáfáísọ̀. Oríṣi ìdí mẹ́jọ ti tó: àpáta tó há sẹ́nu crusher, bẹ́líìtì tó ń gbé òkúta, iná, àìsí ọkọ̀ àti irú wọn. Bí ẹ bá kọ ọgbọ̀n síbẹ̀, “nǹkan mìíràn” ni gbogbo wọn á máa mú.

Ẹ jẹ́ ká mú àpáta tó há. Ohun tí ọ̀pọ̀ ọ̀gá máa ń kọ́kọ́ ṣe ni kí wọ́n háyà ẹ̀rọ tí yóò máa fọ́ ọ. Owó díísù ń lọ, àpáta ò sì yéé dé. Tí ẹni tó ń gbẹ́ ihò tí wọ́n ń ki ohun abúgbàmù sí bá dúró níwájú pátákó kan náà pẹ̀lú ẹni tó wà nídìí crusher, ìbéèrè á kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ, á dé orí àpáta. Kí ló dé tí òkúta fi tóbi? Torí ìbúgbàmù kò fọ́ ọ dáadáa. Kí ló fa ìyẹn? Torí àlàfo àárín ihò kò dọ́gba. Kí ló dé tí kò dọ́gba? Torí ìṣísẹ̀ ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n, wọn ò lo téèpù. Ojútùú rẹ̀ kò wọ́n: téèpù, ọ̀dà láti fi sàmì sí ibi tí ihò kọ̀ọ̀kan máa wà, ká sì wọn jíjìn rẹ̀ kí ẹni tó ní ìwé àṣẹ ìbúgbàmù tó fọwọ́ kàn án. Ẹ tún wo ohun tí wọ́n fi dí ẹnu ihò. Tó bá jẹ́ ìyẹ̀pẹ̀ tó jáde láti inú rẹ̀, agbára ìbúgbàmù á gba òkè sá lọ. Òkúta wẹ́wẹ́ onígun ló ń di ara wọn mú. Kí wọ́n wá ka iye àpáta tó há fún ìbúgbàmù mẹ́ta tó tẹ̀ lé e. Tó bá dín kù, kí wọ́n kọ ọ̀nà tuntun náà sínú ìwé àyẹ̀wò, pẹ̀lú fọ́tò. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọjọ́ tí ẹlòmíràn bá gba iṣẹ́ ihò gbígbẹ́ ni ìṣòro náà máa padà.

Awakọ̀ tìpà á ní ọ̀nà ti bàjẹ́, ọ̀gá á rò pé àwáwí ni. Ẹ fi ìṣirò sí i. Lórí òkè tó dagun ní 10%, ọ̀nà tó le dáadáa ń fa táyà sẹ́yìn bí 2% ìwọ̀n ọkọ̀. Èyí tó rọ̀, tí táyà ti gbẹ́ kòtò sí, lè fà á ní 4%. Àpapọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú 10% ti òkè kúrò ní 12, ó di 14. Pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì kan náà, eré ọkọ̀ tó ń gun òkè á fi nǹkan bí ìdá kan nínú méje dín kù.

Ohun tó ń ba pátákó jẹ́ kì í pẹ́ hàn. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gé owó oṣù ẹnì kan nítorí nọ́ńbà tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, gbogbo nọ́ńbà á bẹ̀rẹ̀ sí í dára lójijì. Ẹ lọ wo mítà wákàtí tó wà lára ẹ̀rọ, ẹ ó rí i pé kò bá a mu. Èkejì ni àìrí èsì. Ohun tí òṣìṣẹ́ lè ṣe fúnra wọn, bíi pípààrọ̀ rólà bẹ́líìtì, kó parí láàárín wákàtí 48; èyí tó ń fẹ́ owó, kí máníjà dáhùn láàárín ọjọ́ méje, ì báà jẹ́ “rárá,” kó ṣáà sọ ìdí. Tí ọ̀rọ̀ tí kò tíì parí bá ju 15 lọ, ẹ má gba tuntun mọ́.

Awakọ̀ tí wọ́n ń san owó ìrìn fún, ìyẹn iye ìgbà tó bá gbé ẹrù, kò ní dúró ìṣẹ́jú 15 lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ sanwó rẹ̀. Owó ìrìn yìí náà ló ń mú kí wọ́n máa sáré. Níbi tó bá sì jẹ́ pé tọ́ọ̀nù ni wọ́n ń sanwó lé, wọ́n á di ẹrù kọjá ààlà. Ìlànà 10/10/20 ti Caterpillar, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ ìwakùsà, wúlò níbẹ̀: ẹrù tó fi ju 10% lọ lé ìwọ̀n tó yẹ kí ọkọ̀ gbé kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo ẹrù lọ, ẹyọ kan ò sì gbọdọ̀ fi ju 20% lọ lé e.

Tábúlẹ́ẹ̀tì dára fún ibi ìwakùsà ńlá tí ọkọ̀ rẹ̀ pọ̀, tó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì títí dé inú kòtò. Ní kúárì, oòrùn kì í jẹ́ ká rí ojú rẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ló sì ń mú un dání nígbà tí àwọn yòókù ń wo ilẹ̀. Ní ti àwọn agbaninímọ̀ràn tó ń bá pátákó wá, ẹ gbà wọ́n kí wọ́n kọ́ súpáfáísọ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n darí ìpàdé, torí ọjọ́ tí wọ́n bá lọ ni ìpàdé náà máa bá wọn lọ. Owó tó bá ṣẹ́ kù lórí tábúlẹ́ẹ̀tì tí ẹ kò rà, ẹ fi ra rólà bẹ́líìtì sí sítọ́ọ̀. Wọ́n á kọ ìṣòro rólà sórí pátákó kí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó pé.